Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Oyún Ìjù àti Ẹ̀jẹ̀ Tó Ń Ya Lára Obìnrin

Ní oṣù tó kọjá, bí a ṣe ń kọ ìwé ọjà tí a tà láwìn ni a kọ́. Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí yàtọ̀, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ owó. Nínú àwọn tó ń wá yá owó pàjáwìrì lọ́wọ́ ẹgbẹ́, àwọn obìnrin tí ìjù ń dà láàmú kò kéré. Ohun tí a sì ti ṣàkíyèsí ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í wá títí wọn yóò fi ná owó ọjà wọn tán sórí oògùn tí ẹni tó tà á kò yẹ̀ wọ́n wò kí ó tó gbé e lé wọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣí ojú ewé yìí kọjá. Ìyàwó yín, ọmọ yín àti àbúrò yín ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ohun tí a ń pè ní ìjù, tàbí oyún ìjù, òun ni àwọn dókítà ń pè ní fibroid. Kì í ṣe oyún rárá, kì í sì í ṣe ọmọ tí ẹnì kan so mọ́ni nínú. Ẹran ara ilé ọmọ fúnra rẹ̀ ló hù, tó di kókó líle, bí ìgbà tí kókó bá yọ lára igi. Ó lè kéré bí ẹyọ ẹ̀wà, ó lè tó ọsàn, ó sì lè tóbi tó orí ọmọdé. Ó lè jẹ́ ẹyọ kan, ó sì lè ju mẹ́wàá lọ nínú ilé ọmọ kan ṣoṣo. Àwọn èròjà inú ara tó ń mú kí obìnrin ṣe nǹkan oṣù ló ń bọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í sábà rí i lára ọmọdébìnrin tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, tó sì sábà máa ń sún kì nígbà tí nǹkan oṣù bá ti lọ pátápátá.

Ó wọ́pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ìlú Washington ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2003, fi hàn pé kí obìnrin tó pé ẹni 50 ọdún, nínú 100 obìnrin aláwọ̀ dúdú, ó ju 80 lọ tí ìjù máa ti yọ nínú wọn. Ti àwọn aláwọ̀ funfun fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 70. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ayé ló ń fi ìjù síni nínú, a jẹ́ pé àwọn ayé ti Washington náà kì í sinmi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin wọ̀nyí ni kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀, torí pé kò dùn wọ́n, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Nítorí náà, kí ìjù wà nínú obìnrin, àti kí ìjù máa ṣe obìnrin, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé ọmọ wé yàrá kan tí ògiri rẹ̀ nípọn dáadáa. Ìjù kan lè yọ sínú yàrá, òmíràn lè wà láàárín ògiri, òmíràn sì lè yọ sí ẹ̀yìnkùlé. Èyí tó yọ sínú yàrá, bí ó tilẹ̀ kéré bí àgbálùmọ̀, òun ló ń fa ẹ̀jẹ̀ jù, òun náà ló sì sábà máa ń dí oyún lọ́wọ́ tàbí kó mú kí oyún wálẹ̀. Èyí tó wà ní ẹ̀yìnkùlé lè tóbi bí àgbọn kí ó má fa ẹ̀jẹ̀ kankan, àfi kí ó máa ti àpò ìtọ̀, kí olúwarẹ̀ máa sáré lọ tọ̀ ní gbogbo ìgbà, tàbí kí ó há ìdí mọ́ ọn kí ìgbẹ́ má lọ dáadáa. Àwọn ará ọjà wa sábà máa ń bi ara wọn pé, "Báwo ni tìrẹ ṣe tóbi tó?" Ìbéèrè yìí nìkan kò tó. Ibi tó wà àti ohun tó ń ṣe fún ara ni kí a bi dókítà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yìí la fẹ́ dúró lé díẹ̀, nítorí òun ló ń pa àwọn èèyàn wa lára jù, òun náà sì ni wọ́n ń fi pamọ́ jù. Obìnrin á máa ṣe nǹkan oṣù ọjọ́ mẹ́wàá, á ní bẹ́ẹ̀ ni ìyá òun náà ti ń ṣe é. Òmíràn á di ìró méjì lé ara wọn, á wọ aṣọ dúdú lé e, á jókòó sórí àga kan náà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí oníbàárà má baà rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣé ẹ rí i, kò sí ẹni tó lè mọ iye ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó lọ bí kò bá ní òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n náà rèé: nǹkan oṣù tó bá ju ọjọ́ 7 lọ ti pọ̀ jù. Páàdì tàbí aṣọ tó bá rin gbindin láàárín wákàtí kan tàbí méjì, ó ti pọ̀ jù. Ẹ̀jẹ̀ dídì tó bá fẹ̀ bí owó kọ́bọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a máa jí lóru láti pààrọ̀ aṣọ, kí a má lè lọ sọ́jà nítorí rẹ̀, gbogbo wọn ti pọ̀ jù.

Ìwé ìṣirò ni ara. Ẹ̀jẹ̀ tó bá jáde lóṣù yìí, oúnjẹ ni ara fi ń dá a padà kí òmíràn tó dé. Bí èyí tó ń jáde bá ju èyí tó ń wọlé lọ, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ owó ìdókòwò. Kò ní wó lójijì, ohun tó sì ń tan ọ̀pọ̀ jẹ nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni ara yóò máa fara dà á, títí obìnrin kan yóò fi máa rìn káàkiri, tí yóò máa ru ẹrù, pẹ̀lú ìdajì ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó ní. Àmì rẹ̀ ni pé àyà á máa já pì pì pì bí ó bá gun àtẹ̀gùn, etí á máa hó, orí á máa fò ó, oorun á máa gbé e nídìí ọjà lọ́sàn-án gangan. Àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ ìpéǹpéjú á funfun. Àwọn míràn á máa jẹ ẹfun tàbí kí wọ́n máa rún omi dídì lẹ́nu bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kékeré kan wà ní lábù tí wọ́n ń pè ní PCV. Obìnrin tí kò lóyún, 36 sókè ló yẹ kí tirẹ̀ jẹ́. Ẹni tó bá ń rí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ lóṣooṣù, kí ó mọ iye tirẹ̀ bí ó ti mọ iye tó wà nínú ìwé ìfowópamọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ ni ti ìjù, ibí yìí gan-an ni oògùn tí a rà láìyẹra wò ti ń ṣe ibi. Ó lè jẹ́ oyún ló fẹ́ wálẹ̀, tàbí oyún tó so síta ilé ọmọ, èyí tó lè pani láàárín wákàtí díẹ̀. Ó lè jẹ́ pé awọ inú ilé ọmọ ló wọ inú ògiri lọ tí gbogbo ilé ọmọ fi wú, tí inú rírun ìgbà nǹkan oṣù sì le koko. Ó lè jẹ́ ẹran kékeré rírọ̀ kan tó rọ̀ sínú yàrá ilé ọmọ. Ó lè jẹ́ abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí. Ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ, yálà ti ọrùn ilé ọmọ tàbí ti inú ilé ọmọ gan-an. Ìjù fúnra rẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ, kí ẹ̀rù má bà yín. Àmọ́ ìjù àti jẹjẹrẹ lè wà lára ẹnì kan náà, ẹni tó bá sì ti gbà pé ìjù ni gbogbo rẹ̀ kò ní wá èkejì.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin ìyá wa àgbà. Obìnrin tí nǹkan oṣù bá ti lọ lára rẹ̀ fún odindi ọdún kan, bí ó bá tún rí ẹ̀jẹ̀, ì báà ṣe ẹ̀kán kan, kí ó lọ sí ọsibítù. A mọ àwọn tó máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ti padà di ọmọge. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Nínú 10 obìnrin tó ní jẹjẹrẹ inú ilé ọmọ, bíi 9 ni ẹ̀jẹ̀ máa ń kọ́kọ́ wá lára wọn, bí wọ́n bá sì tètè rí i, iṣẹ́ abẹ sábà máa ń wò ó sàn. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń rí irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni kò ní jẹjẹrẹ. Àyẹ̀wò ló máa sọ èyí tó jẹ́.

Báwo ni àyẹ̀wò náà ṣe ń lọ? Dókítà á kọ́kọ́ bèèrè ọ̀rọ̀: ìgbà wo ni nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ mélòó ló ń lò, ọmọ mélòó ni a bí, ṣé a ṣì ń wá ọmọ. Ẹ kọ déètì nǹkan oṣù sílẹ̀ ní oṣù méjì mẹ́ta kí ẹ tó lọ, ìwé ìròyìn ọjà yín ṣáà wà nílé. Lẹ́yìn náà á fọwọ́ tẹ ikùn, á sì yẹ ojú ara wò. Èyí máa ń ti àwọn míràn lójú. Ẹ lè sọ pé nọ́ọ̀sì obìnrin ni ẹ fẹ́ kó dúró tì yín, kò sí ẹni tó máa bínú. Wọ́n á yẹ ìtọ̀ wò bóyá oyún wà, wọ́n á ṣe PCV, wọ́n á sì ní kí ẹ lọ ya sikáànì.

Àwọn tó ń bẹ̀rù sikáànì pé iná rẹ̀ á jó ilé ọmọ, ẹ fọkàn balẹ̀. Ohùn ni ẹ̀rọ náà ń lò, kò sí ìtànṣán nínú rẹ̀ bíi ti X-ray. Ìtàn bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ dùn ún gbọ́, ó sì kan ìjù gan-an. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní ìlú Glasgow ní Scotland, Ian Donald lorúkọ rẹ̀, ìtọ́jú obìnrin ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́ pé ilé iṣẹ́ kan tó ń fi irin ṣe ìkòkò ńláńlá tí ń se omi máa ń fi ohùn tí etí ò lè gbọ́ yẹ irin wò, bóyá ó ti sán níbì kan. Ní oṣù keje ọdún 1955, ó kó ìjù àti kókó olómi tí wọ́n ti gé kúrò lára àwọn aláìsàn sẹ́yìn mọ́tò, ó gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ irin náà. Ó rí i pé bí ohùn ṣe ń padà bọ̀ lára ìjù tó le yàtọ̀ sí bó ṣe ń padà bọ̀ lára kókó tí omi wà nínú rẹ̀. Ní 1958 ni òun pẹ̀lú MacVicar àti Brown tẹ ìwádìí wọn jáde. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ní jẹjẹrẹ inú tí kò gbóògùn ló ń ṣe é. Ẹ̀rọ yìí fi hàn pé kókó olómi ńlá kan ni, wọ́n yọ ọ́, obìnrin náà sì yè. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí a yẹra wò àti kí a máa méfò nìyẹn.

Bí ìwé sikáànì bá jáde, ẹ má kàn kà á pé "ìjù wà." Ẹ ní kí dókítà sọ iye rẹ̀, bó ṣe tóbi sí, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, àti bí awọ inú ilé ọmọ ṣe nípọn sí. Fún ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti lọ, tó tún wá ń rí ẹ̀jẹ̀, bí awọ yẹn kò bá ju mílímítà 4 lọ, ọ̀pọ̀ dókítà máa ń sọ pé kò sí ewu. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2024 fi hàn pé nínú obìnrin aláwọ̀ dúdú 10 tó ní jẹjẹrẹ yìí, òṣùwọ̀n náà lè fo bí ẹnì 1 dá. Nítorí náà, bí ẹ̀jẹ̀ náà bá tún padà wá, ẹ má gba "kò sí nǹkan kan" lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ ní kí wọ́n mú díẹ̀ lára awọ inú ilé ọmọ lọ yẹ̀ wò ní lábù.

Ní ti ìtọ́jú, ọ̀nà rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Ìjù tí kò ṣe nǹkan kan, a lè fi í sílẹ̀ kí a máa ṣọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń dà, oògùn wà tó ń dín in kù. Ọ̀kan nínú wọn ni tranexamic acid, èyí tí dókítà obìnrin ará Japan kan, Utako Okamoto, àti ọkọ rẹ̀ gbé jáde ní 1962. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya nìkan ni wọ́n ń lò ó, kì í sì í ṣe ti gbogbo èèyàn, pàápàá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí lẹ́sẹ̀ rí. Ohun èlò kékeré kan tún wà tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ, tó ń tú èròjà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ á fi dín kù gan-an. Abẹ́rẹ́ tó ń mú ìjù sún kì wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá a dúró, ìjù á tún padà wú. Oògùn tó ń fún ara ní irin kò wọ́n, òun sì ni a ń fojú tẹ́ńbẹ́lú jù. Ẹ fi omi ọsàn mu ún, ẹ má fi tíì tàbí mílíìkì mu ún, bí ìgbẹ́ bá dúdú kò sí ewu. Kí a mu ún fún oṣù mẹ́ta sí i lẹ́yìn tí PCV bá ti pé. Ẹni tó bá ti gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sókè kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó dé lè má nílò láti wá ẹni tó máa fún un lẹ́jẹ̀ káàkiri.

Iṣẹ́ abẹ pín sí méjì gbòógì. Wọ́n lè yọ ìjù nìkan kí wọ́n fi ilé ọmọ sílẹ̀, pàápàá fún ẹni tó ṣì ń wá ọmọ. Victor Bonney, oníṣẹ́ abẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù láyé ọjọ́un, wà lára àwọn tó jà fún ọ̀nà yìí jù. Wọ́n ti yọ ilé ọmọ ìyàwó tirẹ̀ nítorí ìjù, wọn kò sì bímọ. Ìjù lè tún hù lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀, kí a mọ̀. Kí ẹni tí wọ́n ṣe é fún sì tọ́jú ìwé ọsibítù rẹ̀ bí ìwé ilẹ̀, torí bí ó bá lóyún, ibi tí wọ́n gé lára ilé ọmọ ló máa pinnu bóyá ó lè bí i fúnra rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n yọ ilé ọmọ pátápátá. Nǹkan oṣù á dúró, oyún kò sì ní sí mọ́. Ṣùgbọ́n kì í sọ obìnrin di ọkùnrin, bí àwọn aláhesọ ṣe ń wí. Bí wọ́n bá fi ilé ẹyin sílẹ̀, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, bí ara bá sì ti san, ọkọ àti aya lè máa bá ìgbé ayé wọn lọ.

Ẹ ó bi wá pé, agbo ńkọ́? A kò bú oníṣègùn kankan. Àmọ́ a kò tíì rí agbo tí àyẹ̀wò fi hàn pé ó yọ́ ìjù, àwọn kan nínú wọn sì ń ba kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ jẹ́. Bí a bá fẹ́ ra gaàrí, ṣebí a máa wọ̀n ọ́n kí a tó sanwó? Ẹni tó bá ní òun máa yọ́ ìjù, kí a ya sikáànì ṣáájú, kí a tún yà á lẹ́yìn, kí a ṣe PCV lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ẹni tí kò bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ mú owó yín lọ sílé.

Àwọn ohun kan wà tí kò ṣeé fi di ọ̀la: ẹ̀jẹ̀ tó ń rin páàdì méjì ní wákàtí kan tí kò dúró, dídákú, ẹ̀jẹ̀ tàbí inú rírun tó le nínú oyún, ìtọ̀ tó kọ̀ tí kò jáde. Ẹni tó bá rí ọ̀kan nínú wọn, kí ó pa ìsọ̀ dé, kí ó gba ọsibítù lọ lójú ẹsẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó. Àwọn obìnrin kan ti sọ fún wa ní kọ̀rọ̀ pé ìdí tí àwọn kì í fi í tètè wá ni pé àwọn ọkùnrin ló pọ̀ nínú ìgbìmọ̀, wọ́n á sì bèèrè pé, "Owó kí ni?" A gbà pẹ̀lú wọn pé kò dára bẹ́ẹ̀. Láti oṣù tó ń bọ̀, ẹni tó bá ń yáwó fún ìtọ́jú, kí ó kọ "ìtọ́jú ara" sí fọ́ọ̀mù, ó tó. Ìwé iye owó láti ọsibítù la máa gbà, akọ̀wé àti akápò nìkan ló máa rí i. Sikáànì àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà wà lára ohun tí a lè yáwó lé lórí, kò dìgbà tó bá di iṣẹ́ abẹ. Onídùúró kan la ó béèrè fún irú owó kékeré bẹ́ẹ̀ dípò méjì. Ẹni tí kò bá fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì, kí ó rí ìyálọ́jà wa tó wà nínú ìgbìmọ̀ ní ìsọ̀ rẹ̀, ọjọ́ ọjà tàbí ọjọ́ mìíràn. Fọ́ọ̀mù ti wà lọ́wọ́ wọn.